Bí omi bá lé wa nílé, ta ni yóò sọ ìtàn rẹ̀? Ọ̀rọ̀ fíìmù, omíyalé àti àwọn ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni Yorùbá ti ń wádìí ọ̀la. Nígbà tí kò sí rédíò, tí kò sí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni àwọn baba wa fi ń wo ohun tó ń bọ̀, kí wọ́n lè mọ ẹbọ tí wọn yóò rú àti ọ̀nà tí wọn yóò gbà. Lóde òní, àwọn kan ti ń fi fíìmù ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Fíìmù olórogún tàbí ti ìjòyè tó ń du adé kọ́ là ń sọ o. Irú fíìmù yìí a máa mú ọdún tí kò tíì dé, a fi bí ilé, ọ̀nà, omi àti oúnjẹ yóò ti rí nígbà náà hàn wá, a sì bi wá pé: ṣé bí ẹ ti fẹ́ kó rí nìyí?

Àwọn olóyìnbó ń pè é ní science fiction. Ẹ jẹ́ kí àwa pè é ní àròsọ onísáyẹ́ǹsì. Láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn ni àwọn ọmọ Áfíríkà ti ń ya irú rẹ̀, ohun tó sì ń jẹ yọ nínú àwọn kan lára wọn ni ọ̀rọ̀ omi, ọ̀dá, òkun, àti àwọn tí ilé wọn kò gbà wọ́n mọ́.

Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ló kan àgbẹ̀ tó wà ní Ìgbóọrà tàbí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ó kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ rẹ̀ tó ní òun ń gbé Èkó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú ọ̀nà Àgbádárìgì ló wà, ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà tàbí ní Okokomaiko, níbi tí owó ilé ti rọjú díẹ̀ ju ti àárín ìlú lọ. Bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bá.

ÀWO TÓ RÌ SÍNÚ OMI

Àwọn Àwórì ló ni ilẹ̀ Ọ̀jọ́ àti Ìbà. Ìtàn tí àwọn Àwórì fúnra wọn ń sọ ni pé nígbà tí Ògúnfúnminírè, tí a tún ń pè ní Olófin, kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n ní kó gbé àwo kan lé ojú omi, kí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ máa tẹ̀lé e, kí wọ́n sì tẹ̀dó síbi tí àwo náà bá ti rì. Àwo ń bá odò Ògùn lọ, ó dúró níhìn-ín, ó dúró lọ́hùn-ún, títí ó fi dé Ìṣẹrì. Ibẹ̀ ló ti wọ inú omi lọ. Nígbà tí wọ́n bèèrè àwo, èsì tí wọ́n gbọ́ ni pé àwo ti rì. Wọ́n ní ibẹ̀ ni orúkọ Àwórì ti jáde. Láti Ìṣẹrì ni àwọn ọmọ Olófin ti tàn ká ilẹ̀ Èkó.

Ẹ wo ìtàn yẹn dáadáa. Ìtàn àwọn tó ṣí kúrò nílé ni. Omi ló júwe ọ̀nà fún wọn, omi ló sì sọ ibi tí ilé yóò wà.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn mìíràn dé. Àwọn Ègùn bá ọ̀sà wá láti ìhà Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́ tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Àwọn Ìlàjẹ gbé ọkọ̀ ojú omi wọn dé. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ọjà Alábà kó wá sí Ọ̀jọ́, àwọn oníṣòwò ọmọ Ìgbò sì bá a dé. Àwọn ará Òkè Ọya tẹ̀dó sí Alábà Rago. Àgbò ni wọ́n ń pè ní rago lédè Hausa. Ìjọba Alhaji Lateef Jakande kọ́ ilé sí Ìbà fún àwọn mẹ̀kúnnù, ó sì dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, sílẹ̀ ní 1983, tí ọgbà rẹ̀ tó tóbi jù wà ní Ọ̀jọ́. Nítorí náà, ekukáká la fi máa rí ẹni tó ń gbé ojú ọ̀nà yẹn tí kò ní ìtàn bí òun tàbí baba rẹ̀ ṣe débẹ̀.

Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, ọ̀sà àti irà ló yí i ká. Àwọn abúlé kan wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, bíi Ìrẹ̀wẹ̀, tó jẹ́ pé ojú omi ni wọ́n ń gbà débẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà yóò rántí ewéko kan tó gba ojú omi kan ní ọdún 1984. Gúúsù Amẹ́ríkà ni orísun rẹ̀, ọ̀nà omi Àjàṣẹ́ ló bá wọ ọ̀sà Àgbádárìgì, kò sì pẹ́ tó fi dí ojú omi pa, tí ọkọ̀ kò rí ọ̀nà gbà, tí apẹja kò sì rí ibi da àwọ̀n sí. Ohun tó ṣẹ̀ lókèèrè ló bá omi wá bá wọn nílé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú ọjọ́ ṣe rí.

OMI TÓ Ń LÉ ÈNÌYÀN

Ní ọdún 2021, Báńkì Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní bí ayé bá káwọ́ gbera, ó lè tó mílíọ̀nù 216 ènìyàn tí yóò ṣí láti apá kan orílẹ̀-èdè wọn lọ sí apá mìíràn kó tó di ọdún 2050, nítorí ọ̀dá, nítorí irè oko tó ń dín kù, àti nítorí òkun tó ń ga sí i. Nínú wọn, mílíọ̀nù 86 lè jẹ́ ará Áfíríkà tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ìwádìí kan náà sọ pé bí a bá tètè ṣe ohun tó yẹ, iye náà lè fi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún dín kù. Àwọn tí wọ́n ń wí yìí kò lọ sí Amẹ́ríkà tàbí Lọ́ńdọ̀nù o. Ìlú tó wà nítòsí ni wọn yóò kó lọ.

Ní Nàìjíríà, a ò nílò kí ẹnikẹ́ni dífá rẹ̀ fún wa. Omíyalé ọdún 2012 pa ènìyàn 363, ó sì lé mílíọ̀nù méjì ó lé díẹ̀ kúrò nílé. Ti ọdún 2022 pa ju 600 lọ, àwọn tó sọ di aláìnílé sì ju mílíọ̀nù kan lọ. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ayétòrò tí àwọn Ìlàjẹ onígbàgbọ́ dá sílẹ̀ ní 1947, tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà kan gẹ́gẹ́ bí ìlú tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ tí wọ́n sì ń jẹun pọ̀, òkun ti gbé ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ níbẹ̀ lọ. Ní 2004 ni àjọ NDDC gbé iṣẹ́ ààbò etí òkun ibẹ̀ jáde, síbẹ̀ òkun kò dúró, ó ń jẹ ilẹ̀ náà lọ. Ní Èkó fúnra rẹ̀, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, òkun ya lu àwọn tó ń sùn sí etíkun Kuramo lóru, ó sì gba ẹ̀mí.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Saint-Louis, ní orílẹ̀-èdè Senegal, nígbà tí omi fẹ́ bo ìlú ní 2003, wọ́n la ojú ọ̀nà tóóró kan kí odò lè rí ibi ṣàn sínú òkun. Ojú ọ̀nà tí kò ju mítà mẹ́rin lọ yìí fẹ̀ títí ó fi di ọ̀pọ̀ kìlómítà, òkun gba ibẹ̀ wọlé, ó sì gbé abúlé Doun Baba Dieye mì.

Èkó ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ọ̀dá lé láti Òkè Ọya àti àwọn tí òkun lé láti etíkun máa ń forí lé. Àwọn tí agbára wọn kò gbé Ìkẹjà tàbí Lẹ́kí, ojú ọ̀nà Àgbádárìgì ni wọ́n ń bá lọ. Ẹ̀fẹ̀ burúkú tó wà nínú rẹ̀ ni pé Èkó tí wọ́n sá bá náà, etí omi ló jókòó sí. Ẹni tí à ń sá tọ̀ fún ààbò, òun gan-an ń wá ibi tí yóò sá sí.

ÀWỌN TÓ TI Ń YA Á

Ẹ má ṣe jẹ́ ká rò pé àlejò pátápátá ni irú fíìmù yìí jẹ́ fún wa. Olóògbé Hubert Ògúndé, tó dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, gbé Ayé, Jáiyésinmi àti Àròpin N Tènìyàn jáde láàárín 1979 sí 1982. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti wò wọ́n nígbà náà kò ní gbàgbé bí ènìyàn ṣe ń di ẹyẹ, tí iná sì ń ti ojú jáde. Kò sí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ Ògúndé, síbẹ̀ ó fi ohun tí ojú kò rí rí han ojú. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé oògùn ló ń ṣiṣẹ́ ìyanu nínú tirẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ló ń ṣe é nínú ti òde òní. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni àwọn méjèèjì ń béèrè: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ìwà wa kò bá yí padà?

Ọmọbìnrin Kenya kan, Wanuri Kahiu, ló ya Pumzi ní 2009. Kò ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ogun Àgbáyé Kẹta ti jà kọjá, omi ni wọ́n jà sí. Ilẹ̀ ti gbẹ, ènìyàn kò lè gbé ìta mọ́, wọ́n sé ara wọn mọ́ inú ilé kan níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ òógùn àti ìtọ̀ ara wọn kí wọ́n lè rí omi mu. Ọmọbìnrin kan níbẹ̀, Asha, rí ìwọ̀nba iyẹ̀pẹ̀ tí omi wà nínú rẹ̀. Ó gbin èso sí i, nígbà tó hù, ó sá jáde lọ wá ibi tí yóò lọ́ ọ sí, àwọn aláṣẹ sì ní kò gbọ́dọ̀ jáde. Omi tó kù fún un àti òógùn ara rẹ̀ ló fi bomi rin igi náà. Àgbẹ̀ tó bá wo fíìmù yìí kò nílò ògbufọ̀.

Mati Diop ya Atlantique ní èdè Wolof, ó sì gba Grand Prix ní Cannes ní 2019. Àwọn ọ̀dọ́ Dakar kan kọ́ ilé gogoro fún olówó, wọn kò rí owó iṣẹ́ wọn gbà, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Spain, òkun gbé wọn. Ẹ̀mí wọn ló padà wá bèèrè owó. Àwọn tó ń sọ pé fíìmù tí a bá fi èdè ìbílẹ̀ ṣe kò lè jáde láyé, èsì wọn rèé.

Ọmọ Nàìjíríà, C.J. Obasi, gbé Mami Wata jáde ní 2023. Àwọn abúlé etíkun ní orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n ti yà á, Pidgin àti èdè Fọ̀n ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, funfun àti dúdú ni àwòrán rẹ̀. Abúlé kan tó gbójú lé òrìṣà omi ni ìtàn náà dá lé lórí. Àwọn ọmọ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyá olórìṣà pé níbo ni ilé ìwòsàn àti iná mànàmáná wa wà? Níbi tí wọ́n ti ń jà, òkun gbé àjèjì kan wá sí etíkun. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìbọn ni àlejò náà fi san án fún wọn. Fíìmù yìí gba ẹ̀bùn fún àwòrán yíyà ní àjọ̀dún Sundance ní Amẹ́ríkà.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024 ni Iwájú dé, àwòrán eré apá mẹ́fà tí àwọn ọmọ Kugali àti ilé iṣẹ́ Disney jọ ṣe. Èkó ọjọ́ iwájú ni wọ́n fi hàn, níbi tí mọ́tò ti ń fò lójú sánmà. Tọlá jẹ́ ọmọ olówó ní Erékùṣù, Kọ́lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé òkè omi pẹ̀lú ìyá rẹ̀, omi ló sì là wọ́n láàárín. A kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará Okokomaiko yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀. Láti 2009 ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà Àgbádárìgì, tí wọ́n sì ti ṣèlérí ọkọ̀ ojú irin láti Marina dé Okokomaiko. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, Mile 2 ló sì dé nínú apá àkọ́kọ́. Ẹni tó ń gbé Okokomaiko mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ bí ọjọ́ iwájú ṣe ń pẹ́ lójú ọ̀nà.

Èyí tó sún mọ́ wa jù nínú gbogbo wọn ni The Legend of the Vagabond Queen of Lagos, tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní àjọ̀dún fíìmù Toronto ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Àwọn olùdarí méje tó ń jẹ́ Agbajowo Collective ló darí rẹ̀. Orúkọ wọn rán wa létí pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìtàn ìyá ọlọ́mọ kan tó jẹ́ Ègùn ni, Jawu, tó ń gbé àdúgbò etí ọ̀sà. Ó ṣàdédé rí owó rẹpẹtẹ tí olóṣèlú jẹgúdújẹrá kan kó pamọ́. Ṣé kó fi owó náà sá lọ ni, àbí kó dúró ti àwọn ará àdúgbò rẹ̀ tí katapílà ń bọ̀ wá wó ilé wọn? A kò lè sọ pé àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni èyí tán, nítorí òótọ́ àti ìtàn àtẹnudẹ́nu ló dà pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló gbé ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù kalẹ̀.

TA NI OMI Ń LÉ, TA LÓ Ń DÚRÓ?

Ìbéèrè náà ni pé bí omi bá dé, ta ni wọn yóò ní kó kó ẹrù, ta ni wọn yóò sì ní kó dúró?

Ẹ jẹ́ ká rántí Maroko. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Keje ọdún 1990, lábẹ́ gómìnà ológun Raji Rasaki, wọ́n wó Maroko palẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tó bí 300,000. Lára àwí tí ìjọba wí ni pé ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ ju òkun lọ, omi sì lè bò ó mọ́lẹ̀, nítorí náà kí àwọn ènìyàn kúrò kí wọ́n lè fi yanrìn dí i. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá lónìí, kí ló rí? Ilé ńlá ńlá olówó ni. Omi tí wọ́n ní yóò pa tálákà, kò pa olówó. Yanrìn tí kò sí fún tálákà, ó wà fún ẹlòmíràn.

Ọdún 2016 sí 2017 ni ti Otodo Gbame ní ẹ̀gbẹ́ Lẹ́kí. Ègùn apẹja ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tí wọ́n lé tó 30,000. Ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó dájọ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2017 pé lílé tí wọ́n lé wọn láìpèsè ibòmíràn tako òfin. Ilé tó ti wó kò tìtorí ẹjọ́ dìde.

Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, ẹ wo Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n fi yanrìn kọ́ sórí òkun ní ẹ̀gbẹ́ Victoria Island. Ògiri òkúta tí wọ́n gbèrò pé yóò gùn tó kìlómítà 8.5 ni wọ́n fi ń dá omi dúró níwájú rẹ̀. Àwọn ará Okun Alfa tí wọ́n jẹ́ apẹja lápá ìsàlẹ̀ sì ti ń pariwo láti ọdún pípẹ́ pé òkun ń jẹ ilẹ̀ àwọn lọ.

Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí. Omi kì í yan ẹni tí yóò lé. Ènìyàn ló ń yàn án. Omi kan náà ni wọ́n fi ń lé ẹnìkan, tí wọ́n sì ń mọ ògiri sí nítorí ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ni ìtàn lọ́wọ́ ló máa sọ bóyá àjálù ni, àbí ìwà ìrẹ́jẹ. Bó bá jẹ́ pé ìròyìn ìjọba àti pátákó ìpolówó àwọn tó ń ta ilẹ̀ nìkan la gbọ́, a ó gbà pé omi ló fà á. Bó bá jẹ́ pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ló ya fíìmù rẹ̀, a ó rí katapílà lẹ́yìn omi.

FÍÌMÙ TÍ KÒ DÉ ỌJÀ

Ibí yìí ni Ọ̀jọ́ ti tún wọ ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe ibi tí omi lè dé nìkan ni Ọ̀jọ́ jẹ́, ibi tí fíìmù ti ń jáde ni pẹ̀lú. Fún bí ogún ọdún, Alábà wà lára àwọn ọjà ńlá tí kásẹ́ẹ̀tì àti síídì fíìmù ti ń lọ sí gbogbo Nàìjíríà, dé Gánà, dé Kamẹrúùnù. Àwọn páírétì ibẹ̀ ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ òṣèré jẹ́, ẹkún ìyẹn kò tíì tán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: ìyá arúgbó tó wà ní abúlé tí kò rí ilé sinimá rí, ọ̀nà Alábà àti Ìdúmọ̀tà ni fíìmù gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ló sì máa ń fi owó sílẹ̀. Kenneth Nnebue tó gbé Living in Bondage jáde ní 1992, oníṣòwò ọmọ Ìgbò ni, fíìmù Yorùbá ló sì kọ́kọ́ ná owó lé lórí.

Síídì ti kógbá sílé báyìí. Orí YouTube ni ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá wà, fóònù ọmọ ni bàbá àti ìyá fi ń wò ó lábúlé. Àwọn fíìmù tí a kà sílẹ̀ lókè yìí ńkọ́? Sundance, Cannes, Toronto ni wọ́n ti ṣe àfihàn wọn. Iwájú, orí ìkànnì Disney tí ènìyàn ń sanwó fún lóṣooṣù ló ti kọ́kọ́ jáde. A kò bá àwọn tó ṣe wọ́n wíjọ́, nítorí ibi tí owó bá wà ni iṣẹ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ wo ni ìyá ẹlẹ́ja etí omi Ọ̀jọ́ yóò rí fíìmù tí wọ́n ṣe nípa irú rẹ̀?

Àwọn kan yóò ní owó ni kò sí, pé irú fíìmù báyìí gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Ṣùgbọ́n ogún ìṣẹ́jú ni Pumzi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń jà ràn-ìn títí dòní. Ohun tí Ògúndé fi ṣe tirẹ̀, ọgbọ́n orí ni.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a má fi ẹnu wa pe ibi, pé ẹni tó bá ya fíìmù pé omi bo Okokomaiko ń ṣépè fún ìlú ni. A mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti wá, ṣùgbọ́n babaláwo tó rí ibi lójú ọ̀pọ́n tó dákẹ́, kò ṣoore fún ẹni tó dífá. À ń sọ ibi kí a lè rú ẹbọ rẹ̀ ni.

Àwọn kan sì gbà pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni ìyípadà ojú ọjọ́. Lóòótọ́, ilé iṣẹ́ àti mọ́tò àwọn òyìnbó ló tú èéfín sí ojú sánmà jù. Ìyẹn kò ní kí omi má wọ ilé wa. Àwọn ìran mìíràn tí òyìnbó gba ilẹ̀ wọn náà ti ń fi ìtàn tiwọn sọ̀rọ̀ ọ̀la. Ní 2012, Nanobah Becker tó jẹ́ ọmọ Navajo ní Amẹ́ríkà ya fíìmù kékeré kan nípa àwọn tó ń lọ tẹ̀dó sí ìràwọ̀ Mars. Àgbàdo tí àwọn onísáyẹ́ǹsì fi ẹ̀rọ ṣe kú mọ́ wọn lọ́wọ́, àgbàdo àwọn baba ńlá wọn ló kó wọn yọ. Bí Navajo bá lè gbé àgbàdo baba rẹ̀ lọ sí ojú sánmà, kí ló dé tí Àwórì kò lè gbé àwo baba rẹ̀ padà sójú omi?

OHUN TÓ YẸ NÍ ṢÍṢE

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wò ó. Ọdún 2060 ni. Omi ti gba Ìyànà-Ìbà, ọkọ̀ ojú omi ló ń ná ibi tí mọ́tò ti ń ná tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà kan ní Ọ̀jọ́ gbé àwo lé ojú omi bí Olófin ti ṣe, ó ní kí àwọn ọmọ òun máa tẹ̀lé e. Ibikíbi tí àwo bá dúró, ẹnìkan á jáde pẹ̀lú ìwé, á ní ilẹ̀ yìí ti ní olówó. Àwo ń lọ, kò rí ibi rì sí. Fíìmù ti dé nìyẹn. Kò gba mọ́tò tó ń fò. Àwo kan, ọkọ̀ ojú omi kan, àti òṣèré tó mọ èdè ni.

Àwọn tí yóò ṣe é kò jìnnà síra wọn. Nínú ọgbà LASU ní Ọ̀jọ́, àwọn tó ń kọ́ eré ìtàgé wà, àwọn tó ń kọ́ nípa ẹja àti nípa ilẹ̀ náà wà. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ wọn jẹ́ kí wọ́n jókòó pọ̀. Àwọn oníṣòwò Alábà tó ń wá ohun tí wọn yóò tà lẹ́yìn síídì, kí wọ́n rántí pé oníṣòwò bíi tiwọn ló bí ìran fíìmù ayé ìsinsìnyí. Ẹgbẹ́ TAMPAN tó jẹ́ ti àwọn òṣèré wa, kí wọ́n wò ó pé ìtàn ọba àti ogun àtijọ́ dára, ṣùgbọ́n ogun tó ń bọ̀ náà ní ìtàn. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ àti ìjọba ìdàgbàsókè Ìbà lè gbé aṣọ funfun kan sí gbàgede lálẹ́ kí wọ́n fi irú fíìmù bẹ́ẹ̀ han aráàlú lófẹ̀ẹ́, bí wọ́n ti ń ṣe nígbà tí mọ́tò sinimá ìjọba ń lọ láti abúlé dé abúlé. Kí wọ́n sì fi kún un ní Ègùn, ní Ìgbò àti ní Hausa, nítorí àwọn tí omi yóò bá níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ Yorùbá nìkan.

Fíìmù kò ní gbẹ́ ojú àgbàrá o, kò sì ní dá òkun padà. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn, a kò sì gbọ́dọ̀ yé bèèrè lọ́wọ́ wọn. Ohun tí fíìmù lè ṣe ni pé lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá dé Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Okokomaiko pẹ̀lú ìwé, tó ní ẹ kó ẹrù yín nítorí omi ń bọ̀, àwọn ará ibẹ̀ yóò ti rí i rí. Wọn yóò mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn béèrè pé: lẹ́yìn tí a bá lọ tán, ta ló ń bọ̀ wá gbé ibẹ̀? Ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù.